Ẹ̀rọ Kò Ní Imú

Aṣọ méjì ni wọ́n bá lára òkú náà. Ọ̀kan wà ní ọrùn rẹ̀, níbi tí gbogbo ará ìlú yẹn máa ń fà á sí bí wọn kò bá fi bo imú. Èkejì wà nínú ìkúùkù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó dì í mú pinpin, bí ọmọ tí kò fẹ́ kí ìyá òun jáde ṣe máa ń di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

"Aṣọ ìbomú méjì fún imú kan," ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ obìnrin náà wí. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. "Sájẹ́ǹtì, kí ló fà á?"

Nítorí ìbéèrè yìí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Àǹtí Kí-Ló-Fà-Á ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, àmọ́ ó mọ̀.

Sájẹ́ǹtì wúkọ́ kó tó dáhùn. "Mà, pẹ̀lú èéfín ìlú yìí, bí mo bá ní mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni màá so mọ́ imú."

Òpó irin kan nà gọgọrọ lókè orí wọn. Ẹ̀rọ tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò wà ní ṣóńṣó rẹ̀, ó funfun, ó la ẹnu rogodo bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yà lẹ́nu. Olóògbé yìí ni ìjọba gbà láti máa tọ́jú ẹ̀rọ náà, Bàbá Afẹ́fẹ́ sì ni àwọn ọmọdé ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn àlejò láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń pín oúnjẹ fún gbogbo ayé jókòó sí ilé ìpàdé, wọ́n ń retí kó wá sọ bí afẹ́fẹ́ ìlú ṣe rí, kí wọ́n lè pinnu bóyá wọn yóò fún ìlú ní oúnjẹ ìrànwọ́. Wọ́n retí, retí, wọn kò rí i. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí i, ìsàlẹ̀ òpó ni wọ́n ti bá a, ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fi ọwọ́ pa òpó náà. Láti ìsàlẹ̀ títí dé ìdajì rẹ̀, ó dán bọ̀rọ́, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àwọn ọmọdé má baà gùn ún. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè gbọ́dọ̀ gbé àkàbà wá. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ òkú: ìpẹtà bò ó, awọ rẹ̀ sì ti bó.

"Ńṣe ló dì mọ́ òpó, tó ń sọ̀ kalẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ tó yọ̀," ló wí. "Ẹni tó gun àkàbà lọ sókè, kí ló fà á tí kò fi gba orí àkàbà sọ̀?"

"Bóyá kò rí àkàbà, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àkàbà dà?"

* * *

Inú oko ẹ̀wà ni wọ́n ti rí àkàbà náà, níbi tó jìnnà sí òpó, ó dùbúlẹ̀ láàárín ebè méjì. Ẹnì kan gbé e wá síbẹ̀ ni, nítorí àkàbà kì í rìn.

Oko ọ̀hún bani lẹ́rù ju òkú lọ. Bí ojú ṣe lè ríran mọ, ewé ẹ̀wà pọ́n rúsúrúsú bí agolo tó ti dógùn-ún. Èso rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó fúyẹ́, kò sí nǹkan nínú. Òjò rọ̀ lọ́dún yẹn. Wọ́n roko, wọ́n tún un ro. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà náà kàn dúró ni, ó ń kú lórí ìdúró, bó ti ṣe lọ́dún tó kọjá.

"Kòkòrò," ni Sájẹ́ǹtì wí.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ewé kan tó bo ewé mìíràn. Ewé ìsàlẹ̀ ti dápàá, ó pupa kálẹ̀. Àmọ́ ibi tí òjìji ewé òkè bò lára rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó rí gẹ́gẹ́ bí ewé òkè náà ṣe rí, bí ẹni fi ewé tẹ èdìdì sára ewé.

"Sájẹ́ǹtì, ṣé kòkòrò máa ń bọ̀wọ̀ fún òjìji?"

"Kòkòrò? Kò bọ̀wọ̀ fún alákòóso oko, ká má tíì sọ ti òjìji."

"Ohun tó pa ewé yìí wá láti òkè pẹ̀lú oòrùn. Inú afẹ́fẹ́ ló wà." Ó já ewé náà, ó rọra tẹ́ ẹ sáàárín ìwé àpò rẹ̀. "Ẹ̀rọ orí òpó sì ń sọ láti ọdún méjì pé afẹ́fẹ́ ìlú yìí mọ́ bíi ti orí òkè. Ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Ewé kò ní ẹnu."

Ó tú aṣọ tó gbà lọ́wọ́ òkú. Ó ṣì tutù nínú ìṣẹ́po rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, iwájú rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Dúdú náà ṣe róbótó ní àárín, ó ní etí bí ìgbà tí a bá da abọ́ dé orí eérú. Ó gbé e sókè kó bá ẹnu ẹ̀rọ tó ń wò lókèèrè lórí òpó dọ́gba lójú. Ó bá a mu.

Sájẹ́ǹtì súfèé. "Wọ́n di ẹ̀rọ lẹ́nu."

"Pẹ̀lú aṣọ tútù. Aṣọ tútù ló ń gba èéfín mú, tí ẹ̀rọ wá ń fa afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́. Olóògbé yìí gòkè lọ tú u ni. Ó fẹ́ mú un lọ sí ilé ìpàdé." Ó tún wo aṣọ náà. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ìṣẹ́po kéékèèké méjì wà tí wọ́n fún pọ̀ ní gbọọrọ, wọ́n ti pẹ́ lára aṣọ débi pé fífún omi kò lè mú wọn kúrò. Ó fi ìka tẹ̀lé wọn. Kò sọ nǹkan kan fún Sájẹ́ǹtì nípa èyí.

* * *

Àbíkẹ́yìn, àbúrò olóògbé, ló ni àkàbà. Gbogbo ìlú ló sì gbọ́ ọ nígbà tó pariwo lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí níjẹta pé, "Bí o bá tún gun òpó yẹn, ibẹ̀ ni wàá kú sí!" Wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó dé àgọ́.

"Èmi ni mo pa á," ló wí kí ó tiẹ̀ tó jókòó.

"O kú iṣẹ́. Báwo lo ṣe pa á?"

"Mo tì í."

"Láti òkè ni àbí láti ìsàlẹ̀?"

"Láti òkè."

"Ìwọ àti òun jọ wà lókè nígbà náà. Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ó ronú. "Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ìwọ náà báwo lo ṣe sọ̀ kalẹ̀?"

"Mo gba orí àkàbà."

"Àtẹ́lẹwọ́ rẹ dà?" Ó yí i wò. Ó mọ́, kò sí ìpẹtà. "Àbúrò, ẹni tó bá máa jẹ́jọ́ ẹlẹ́jọ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ ka ẹjọ́ náà dáadáa. Ta lò ń bò?"

Omijé bọ́ lójú ọkùnrin náà, kò sì nù ún. "Ẹ jẹ́ n lọ sẹ́wọ̀n, mà. Ẹ̀wọ̀n máa ń fúnni lóúnjẹ."

Sájẹ́ǹtì tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ kò rẹ́rìn-ín sí èyí.

* * *

Ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà nílùú náà gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù, fèrèsé rẹ̀ sì fẹ̀, àmọ́ ó ti fi aṣọ bò ó, nítorí ọ̀pá èéfín méjèèjì ló kọjú sí i. Wọ́n ti gbé ìwé ẹ̀yẹ ńlá kan kọ́ sára ògiri.

"Ìjọba fún wa nítorí pé a dín èédú kù," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òfin ojú ọjọ́ ní ká dín in kù. A dín in kù."

"Kí lẹ wá ń sun?"

"Táyà. Táyà àlòkù."

"Èéfín rẹ̀ ńkọ́?"

"Mà, ẹ̀rọ ìjọba wà lórí òpó. Ẹ lọ bi í. Ó ní afẹ́fẹ́ mọ́. Bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń gbàdúrà fún ẹ̀rọ yẹn."

"Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kú láàárọ̀ yìí. Níbo lẹ wà?"

"Nílé ìpàdé, pẹ̀lú àwọn àlejò. Àga mi ló kàn ti olórí wọn. Ẹ bi í léèrè."

Wọ́n bi í. Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n jáde, Sájẹ́ǹtì tutọ́ dúdú sílẹ̀. "Ó wù mí kó jẹ́ òun, mà. Èyí ì bá dùn mọ́ mi."

"Èmi náà. Ìyẹn ni mi ò ṣe fọkàn tán an." Ó ń wo ọ̀pá èéfín. "Ó ń jèrè irọ́ náà, àmọ́ òun kọ́ ló pa á. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ iléeṣẹ́ ló di ẹnu ẹ̀rọ. Rántí pé ẹ̀rọ kò lè ya èéfín ẹni tó ń sun igbó sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹni tó ń sun táyà. Bó bá ti rí èéfín, yóò wí pé èéfín wà. Àwọn tó ń ra ẹ̀wà lókè òkun kò sì ní ra ti ìlú tí wọ́n bá ti sọ pé ó ń dáná sungbó. Ta ló máa kọ́kọ́ bẹ̀rù?"

"Àgbẹ̀."

"Àgbẹ̀ ni."

* * *

Lọ́sàn-án, wọ́n mú Àbíkẹ́yìn wá sílé kó wá rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀gá iléeṣẹ́ wá kí wọn kú ọ̀fọ̀, òun àti dírẹ́bà rẹ̀. Obìnrin tó gbà wọ́n lálejò ni àgbà ilé, ẹ̀gbọ́n olóògbé àti Àbíkẹ́yìn. Ìyá Ìpakà ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí òun ló ń bójú tó ilẹ̀ ìpakà, níbi tí wọ́n ti ń lu ẹ̀wà gbígbẹ kúrò nínú èèpo. Kì í ṣe ti ìlú yìí nìkan, ó máa ń lọ káàkiri àwọn ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lásìkò ìkórè. Òun ló tọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó jọ ẹni tó ti sunkún tán kí ọ̀fọ̀ tó dé.

Èérún dúdú ń já bọ́ láti ojú ọ̀run sí àgbàlá. Korobá omi mẹ́ta wà níbẹ̀ láìdé. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gbé aṣọ funfun mẹ́ta wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo omi wọ̀nyí. Èéfín ń bọ́ sínú wọn."

Ọ̀gá iléeṣẹ́ ju tirẹ̀ lé orí korobá. Atẹ́gùn gbé e lọ. Ó pe dírẹ́bà rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn fi ọwọ́ tó ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yí aṣọ mọ́ etí korobá, ó ta á ní kókó kan ṣoṣo, ó yíjú kúrò.

Ìyá Ìpakà kò tiẹ̀ wo ohun tó ń ṣe. Ó ń bá aládùúgbò kan sọ̀rọ̀ lórí ibi tí wọn yóò gbẹ́ sàárè sí, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Ó ṣẹ́ aṣọ sí mẹ́ta, ó nà án, ó fi àtàǹpàkò àti ìka fún àárín rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dúró digbí lórí egungun imú, ó wá so ó lẹ́yìn korobá.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wo ìṣẹ́po kéékèèké méjì náà. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ti ń gbàdúrà pé kó má rí wọn.

"Ìyá," ló wí jẹ́ẹ́ nígbà tí àwọn yòókù wọlé tán, "korobá kò ní imú."

Obìnrin náà bojú wolẹ̀.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ mú aṣọ dúdú náà jáde. "Ẹ̀rọ náà kò ní."

Ìyá Ìpakà wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ọlọ́wọ́ ni. "Láti ìgbà tí mo ti ń so aṣọ mọ́ gbogbo wọn nímú nílẹ̀ ìpakà, mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà so aṣọ mọ́. Ọwọ́ mi ló tú àṣírí mi."

"Ẹ̀yin lẹ gbé àkàbà kúrò."

"Mo fẹ́ kó jókòó sókè títí ìpàdé á fi parí ni. Ó ní òun máa fi aṣọ yẹn hàn wọ́n, pé wọ́n á rí èéfín iléeṣẹ́, wọ́n á fún wa lóúnjẹ. Mo ní, ọmọ ìyá mi, ta ló sọ fún ọ pé wọ́n á bi èéfín léèrè orúkọ bàbá rẹ̀? Wọ́n á ní àwa la sungbó. Wọ́n ò ní ra ìwọ̀nba ẹ̀wà tó kù." Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì rẹlẹ̀. "Ó gòkè lọ. Mo gbé àkàbà. Ó ń pè mí, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e padà, ẹ má ṣeré.' Mo dáhùn pé, 'Jókòó, ṣebí ìwọ lo gbọ́n jù.' Ìyẹn lọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un kẹ́yìn."

"Ẹ gbọ́ nígbà tó bọ́?"

"Mi ò gbọ́. Mo ti dénú oko. Mo ń wo ẹ̀wà." Ó gbójú sókè. "Àbúrò mi tó kù, ẹ máa dá a sílẹ̀?"

"Bí mo bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Bí ẹ bá sì sọ ọ́, ẹ máa sọ̀rọ̀ aṣọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò ní ọ̀nà ẹ̀yìn. Bó bá sọ ọ́, gbogbo ìlú ni yóò jìyà irọ́ náà. Bó bá dákẹ́, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ yóò lọ sẹ́wọ̀n fún ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn tó wí bẹ́ẹ̀ kò sọ ohun tí òtítọ́ máa ṣe bó bá dé tó bá ebi lórí àga.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, Ìyá."

Obìnrin náà dìde. Ó wo ojú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ó mirí. "Èyí tí ẹ so mọ́mú yẹn ń yọ̀. Èéfín máa ń pọ̀ lọ́nà tí a fẹ́ gbà." Ó tú aṣọ náà, ó rì í sómi, ó fún un, ó tún un so fún un. Ìka rẹ̀ fún àárín rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tó ń so ó fún ọmọ. "Ẹ̀yin ní imú," ló wí.

* * *

Olórí àwọn àlejò ti ń di ẹrù rẹ̀ nígbà tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tẹ́ aṣọ náà síwájú rẹ̀. Ó tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe òǹrorò, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Ẹ wo dúdú yìí," ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí. "Èéfín táyà nìyí. Òun ló pa ẹ̀wà wọn."

"Àkísà nìyí, mà. Mi ò lè fi àkísà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń pín oúnjẹ fún gbogbo ayé."

Ó mú ewé náà jáde. "Èyí ńkọ́?"

Ọkùnrin náà gbà á, ó wo ibi tútù tó rí bí ewé lára ewé. Fún ìṣẹ́jú kan, ó jọ pé yóò sọ nǹkan mìíràn. Ó dá a padà. "Ó rẹwà. Ewé kò ní nọ́ńbà."

"Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀?"

"Ìlú tó bá di ẹnu ẹ̀rọ, orúkọ rẹ̀ máa kúrò nínú àwọn tó ń gba oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni kò sì ní ra ẹ̀wà wọn. Òfin ni. Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Iléeṣẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí nọ́ńbà tó ṣeé gbára lé. Níbi tí kò bá ti sí nọ́ńbà, kò sí ẹ̀sùn." Ó pa báàgì rẹ̀ dé. "Lọ́la a máa dé ìlú tó kàn. Ó yẹ kí tiwọn dáa. Afẹ́fẹ́ wọn mọ́ gan-an."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ rántí pé Ìyá Ìpakà máa ń lọ sí ìlú náà lásìkò ìkórè.

* * *

Wọ́n fi Ìyá Ìpakà sí àtìmọ́lé, wọ́n sì dá Àbíkẹ́yìn sílẹ̀. Kò dúpẹ́. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà àgọ́ bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé.

Lójú ọ̀nà, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní kí Sájẹ́ǹtì dúró ní ìlú tó kàn. Òpó irin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ̀rọ funfun wà lókè, oko ẹ̀wà pupa sì yí wọn ká títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà nílẹ̀ ìpakà dìde nígbà tí wọ́n rí mọ́tò ọlọ́pàá. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n wá ṣe. Ọ̀kan lára wọn kàn lọ gbé àkàbà wá, ó gbé e ti òpó, ó di ìdí rẹ̀ mú.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gòkè. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti ọ̀nà iléeṣẹ́. Nígbà tó dé òkè, ó na ọwọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ sì kan aṣọ. Ó tutù. Wọ́n ti rin ín láàárọ̀ yẹn. Ó fọwọ́ wá àárín rẹ̀, ó bá ìṣẹ́po kéékèèké méjì níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kejì sójú ara rẹ̀, sí orí imú tirẹ̀. Méjì.

Ó wo ìsàlẹ̀. Obìnrin náà ṣì di àkàbà mú, kò gbójú sókè. Àwọn yòókù ti pagbo yí i ká. Ojú wọn nìkan ló hàn lókè aṣọ. Bó bá tú u, ebi á bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Bó bá fi í sílẹ̀, èéfín á máa jẹ ẹ̀wà wọn lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbà wọ́n gbọ́ pé ó ń jẹ ẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà nínú méjèèjì kò ju ìkórè kan lọ.

Ó rọra mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára aṣọ náà. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ àtẹ̀gùn, àkàbà náà kò sì mì rárá.

"Kí lẹ rí, mà?" ni Sájẹ́ǹtì bi í.

Gbogbo àwọn obìnrin náà yíjú sí i.

"Afẹ́fẹ́," ló dáhùn. Ó wọ mọ́tò. Sájẹ́ǹtì dúró, ó ń retí 'Kí ló fà á?' tó máa ń tẹ̀lé e láti ọdún tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kò bi í.